Ilẹ̀ Ni Ó Ń Yan Ewé: Ìdí Tí Egbòogi Kan Kì Í Fi Hù Níbi Gbogbo

Ẹni tí ó bá ya sí ìsọ̀ àwọn eléwé ọmọ nínú ọjà Ìlọrin yóò bá èèpo, egbò, igi àti ewé lórí àtẹ ní ìdì-ìdì. Èèpo awọ̀pa wà níbẹ̀, tí inú rẹ̀ pupa rúsúrúsú, èyí tí àwọn ènìyàn wa ń sè fún ibà àti ibà pọ́njú-pọ́njú. Orógbó wà níbẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ni orín àyìn, orín ìdí àti òrí tí ó dì sínú igbá. Bí ó bá béèrè ibi tí wọ́n ti wá, wọn yóò sọ fún un pé ọkọ̀ ni ó kó awọ̀pa àti orógbó wá láti ìhà Oǹdó àti Ìjẹ̀bú, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ìlú níhìn-ín ni wọ́n ti wa gbòǹgbò àyìn. Kí ẹni náà wá gbéra lọ sí ọjà Ìjẹ̀bú-Òde. Ọ̀rọ̀ yóò yí padà: awọ̀pa ni yóò jẹ́ ti ìtòsí, òrí ni yóò sì di ohun tí ọkọ̀ kó wá láti òkè.

Ọ̀pọ̀ wa ni yóò sọ pé òjò ni ó fa ìyàtọ̀ yìí, ẹni tí ó bá sì sọ bẹ́ẹ̀ kò jayò pa. Òjò Ìjẹ̀bú pọ̀ ju ti Ìlọrin lọ, ẹ̀ẹ̀rùn Ìlọrin sì gùn ju ti Ìjẹ̀bú lọ. Ṣùgbọ́n òjò nìkan kò tó láti tú ọ̀rọ̀ náà. Nínú oko kan ṣoṣo, tí òjò kan náà ń rọ̀ sí, tí oòrùn kan náà ń ràn sí, ewé kan yóò hù ní orí òkè tí kò ní hù ní àfonífojì. Òmíràn yóò kún etí odò bámúbámú, a kò sì ní rí ẹyọ kan rẹ̀ bí a bá rìn ní ọgọ́rùn-ún ìṣísẹ̀ kúrò níbẹ̀. Níbi tí òjò bá ti dọ́gba, ilẹ̀ ni ó ń ṣe ìdájọ́.

Àwọn baba wa mọ èyí kí ilé-ìwé tó dé. Ẹ wo orúkọ tí wọ́n sọ àwọn igi. Ìdí igbó ni igi gẹdú ńlá tí àwọn oníṣòwò òkè òkun ń pè ní "idigbo" títí di òní. Ìdí ọ̀dàn ni ìbátan rẹ̀ tí kò ga tó o, tí ó ń hù ní ilẹ̀ koríko, tí a ń rún ní orín. Ẹbí kan náà ni wọ́n, ilẹ̀ ni àwọn àgbà fi ya orúkọ wọn sọ́tọ̀. Ọ̀gánwó kò rí irú ìyàsọ́tọ̀ bẹ́ẹ̀ gbà ní tirẹ̀: orúkọ kan náà ni a fi ń pe ti inú igbó kìjikìji àti ti ọ̀dàn, bẹ́ẹ̀ igi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Ti igbó ń fẹ́ ilẹ̀ jíjìn tí ọ̀rinrin kì í tètè tán nínú rẹ̀. Ti ọ̀dàn lè fara da ilẹ̀ tí kò jìn, tí òkúta yangí wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Èèpo àwọn méjèèjì korò, a sì ń lo àwọn méjèèjì fún ibà, nítorí náà ẹni tí ó ń rà á lọ́jà lè má mọ ìyàtọ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ gbìn ín ni yóò mọ̀ ọ́n.

Ohun tí ó wà nínú ẹ̀kúnwọ́ erùpẹ̀

Bí a bá bu erùpẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ohun tí a bù jù bí ojú ti rí i lọ. Iyanrìn wà nínú rẹ̀, amọ̀ wà nínú rẹ̀, ewé tí ó ti jẹrà, omi, afẹ́fẹ́ àti àìmọye ohun abẹ̀mí tí ojú kò lè rí. Bí wọ́n ṣe pọ̀ sí ni ó ń sọ irú ilẹ̀ tí a ní. Hóró iyanrìn ni èyí tí ojú lè rí. Èyí tí ó tóbi jù nínú rẹ̀ fẹ̀ tó mìlímítà 2. Hóró amọ̀ kò tó ìdá kan nínú ọ̀nà 500 mìlímítà kan ṣoṣo. Nítorí pé wọ́n kéré tó bẹ́ẹ̀, wọ́n ń lẹ̀ mọ́ra, wọ́n sì ń di omi àti oúnjẹ ewéko mú. Iyanrìn ní tirẹ̀ kì í gba nǹkan pamọ́: omi tí a bá dà sí i ní òwúrọ̀, kí ọ̀sán tó pọ́n, ó ti lọ, oúnjẹ tí ó yọ́ sínú omi náà sì bá a lọ.

Ènìyàn lè rò pé ilẹ̀ amọ̀ ni ó dára jù nígbà náà. Kò rí bẹ́ẹ̀ fún gbogbo ewé. Gbòǹgbò ń mí. Nígbà tí omi bá kún gbogbo àlàfo inú ilẹ̀, afẹ́fẹ́ kò rí àyè mọ́, gbòǹgbò a sì jẹrà. Ẹ wo etí erin, tí ọ̀pọ̀ ìyàwó ilé ń gbìn fún ara àti irun. Inú ewé rẹ̀ ni ó ń tọ́jú omi sí, nítorí náà ilẹ̀ iyanrìn tí omi kì í dúró sí ni ó bá a lára mu. Bí a bá gbìn ín sí ilẹ̀ amọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí omi ìwẹ̀ ń ṣàn sí, kò ní pẹ́ tí ìdí rẹ̀ yóò fi rọ̀, tí yóò sì ṣubú. Tètèrègún, èyí tí a ń fún omi igi rẹ̀ fún ikọ́, jẹ́ òdìkejì rẹ̀ pátápátá: ìbòòji àti ọ̀rinrin etí odò ni ó ń fẹ́, ilẹ̀ gbígbẹ tí oòrùn ń pa kò sì bá a lára mu.

Ohun kejì tí ojú kò lè rí ni kíkan ilẹ̀. Ilẹ̀ lè kan gẹ́gẹ́ bí ọsàn wẹ́wẹ́ ti í kan, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a kì í tọ́ ọ wò. Àwọn onímọ̀ ní òṣùwọ̀n kan tí wọ́n ń pè ní pH, tí ó bẹ̀rẹ̀ láti 0 dé 14. Méje ni àárín. Bí ó bá ṣe ń wálẹ̀ sí i ni ilẹ̀ ń kan sí i, ìṣísẹ̀ kan sí ìsàlẹ̀ sì túmọ̀ sí ìlọ́po mẹ́wàá kíkan. Nígbà tí ilẹ̀ bá kan kọjá nǹkan bí 5.5, alumíníọ́mù tí ó wà nínú amọ̀ (irú èyí tí a fi ń rọ ìkòkò gan-an) á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ sínú omi ilẹ̀, á sì máa gé ọmọ gbòǹgbò kúrú. Àwọn ewéko kan ti mọ bí wọ́n ṣe ń fara dà á. Àwọn mìíràn kò lè gbé ibẹ̀.

Láti orí òkè dé ìdí odò

Ní ọdún 1962, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ méjì, Smyth àti Montgomery, tẹ ìwé kan jáde ní Ìbàdàn lórí ilẹ̀ àárín gbùngbùn Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà. Ohun tí ó wù mí jù nínú iṣẹ́ wọn ni pé orúkọ ìlú wa ni wọ́n fi sọ àwọn oríṣìí ilẹ̀ náà: ilẹ̀ Ìwó, ilẹ̀ Ẹ̀gbẹ́dá, ilẹ̀ Oǹdó, ilẹ̀ Òkèmẹ̀sí, ilẹ̀ Ìtagunmọ́dì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ń lo àwọn orúkọ wọ̀nyí títí di òní. Òkúta tí ó wà ní ìsàlẹ̀ ni ó ń bí ilẹ̀ tí ó wà lókè. Òkúta funfun líle tí ó wà ní àwọn òkè Òkèmẹ̀sí ń fọ́ sí iyanrìn àti wẹ́wẹ́ òkúta, ilẹ̀ rẹ̀ kò sì lọ́ràá púpọ̀. Òkúta dúdú tí ó wà lábẹ́ Ìtagunmọ́dì, ní ẹ̀bá Iléṣà, ń fọ́ sí ilẹ̀ amọ̀ pupa tí ó jìn, irú èyí tí kòkó fẹ́ràn.

Ṣùgbọ́n orí òkúta kan náà pàápàá, ilẹ̀ kì í dọ́gba. Kí ẹ fi ọkàn bá mi sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè kan ní agbègbè Ìbàdàn tàbí Ọ̀ṣun. Ní ṣóńṣó rẹ̀, ilẹ̀ kò jìn, òkúta ń yọjú, omi kì í dúró. Ewéko tí ewé rẹ̀ nípọn ni ó lè fara dà á níbẹ̀, bí àbámodá, tí ń tọ́jú omi sára bí i ti etí erin. Bí a bá sọ̀ kalẹ̀ dé àárín gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jìn. Ibẹ̀ ni oko wà, ibẹ̀ náà ni igbó tí oko ti di àwílé wà. Ewé tí àwọn kan ń pè ní ewé Akíntọ́lá, tí àwọn mìíràn ń pè ní ewé Awólọ́wọ̀ (ẹ jẹ́ kí á fi òṣèlú sílẹ̀), tí a fi ń dá ẹ̀jẹ̀ ojú ọgbẹ́ dúró, kò fi ibẹ̀ sílẹ̀. Asofẹ́yẹjẹ náà wà nínú igbó àwílé yìí. Egbò rẹ̀ ni àwọn oníṣègùn wa ti ń lò láti ọjọ́ pípẹ́ fún ẹni tí orí rẹ̀ dàrú, inú rẹ̀ sì ni oògùn tí àwọn òyìnbó ń pè ní reserpine wà, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ yọ jáde ní ọdún 1952 láti ara ìbátan rẹ̀ ti ilẹ̀ Íńdíà. Bí ó bá jẹ́ pé èkan ni ó ti gba ilẹ̀ náà, àgbẹ̀ yóò mọ̀ pé ilẹ̀ ti ṣá, pé wọ́n ti dáko sí i ju bí ó ti yẹ lọ.

Nígbà tí a bá dé ìsàlẹ̀ pátápátá, ilẹ̀ ti dúdú, ó sì ń rọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀. Ohun tí àgbàrá gbá láti òkè ni ó kó jọ síbẹ̀. Abura ń dúró nínú irà níbẹ̀, tètèrègún ń hù ní ìbòòji rẹ̀, rínrín sì ń tàn kálẹ̀ níbi tí oòrùn kò ti ń pa ilẹ̀. Gbogbo ìrìn yìí lè má ju ìdajì kìlómítà lọ.

Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ láàrin oko kan yìí náà ni ó ń ṣẹlẹ̀ láàrin orílẹ̀-èdè, ní ìwọ̀n tí ó tóbi. Ní ìhà Ẹ̀pẹ́ àti Ìkòròdú, iyanrìn tí òkun àti odò kó jọ láti àìmọye ọdún ni ilẹ̀ náà. Òjò ti fọ oúnjẹ inú rẹ̀ lọ, ó sì ń kan. Bí a bá kọjá sí àríwá tí a dé ìhà Ìlọrin, a óò bá yangí, ilẹ̀ pupa tí irin inú rẹ̀ ti dì bí òkúta. Gbòǹgbò igi tí ó bá fẹ́ ilẹ̀ jíjìn rọ̀ǹgbọ̀nrọ̀ngbọn kò lè la á kọjá. Emi, igi igbá, àyìn àti ìdí ni wọ́n mọ bí a ṣe ń gbé ibẹ̀. Síbẹ̀, bí ènìyàn bá tẹ̀lé odò nínú ọ̀dàn yìí, yóò rí okùn igbó tín-ín-rín ní etí rẹ̀, tí àwọn igi ìhà gúúsù ń hù nínú rẹ̀, nítorí pé ilẹ̀ etí odò náà pa ọ̀rinrin mọ́ ní gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn. Òjò Ìlọrin kan náà ni ó ń rọ̀ sí wọn.

Ìbéèrè kan wà tí àwọn tí ó ti Hájì dé máa ń bi mí: èéṣe tí a kì í fi rí igi síwáákì gbìn nílé? Igi arāk ni, ilẹ̀ gbígbẹ ni ó sì fẹ́ràn, ó tún lè fara da iyọ̀ inú ilẹ̀ tí yóò pa ọ̀pọ̀ igi mìíràn. Nàìjíríà kò ṣàìní in. Ó wà ní òkè lọ́hùn-ún, ní ìhà Bornu àti adágún Chad. Ilẹ̀ kíkan tí òjò ń fọ̀ ní ìgbà gbogbo ní ìhà gúúsù ni kò bá a mu. Ọlọ́hun kò fi wá sílẹ̀ láìní tiwa, orín àtà wà.

Àwọn onímọ̀ Mùsùlùmí àtijọ́ kò fojú kéré ọ̀rọ̀ ilẹ̀ yìí. Abū Hanīfa ad-Dīnawarī (kì í ṣe Ìmáàmù Abū Hanīfa tí gbogbo wa mọ̀), tí ó kú ní nǹkan bí ọdún 895, kọ ìwé ńlá kan lórí ewéko, ó sì sọ̀rọ̀ nípa oríṣìí ilẹ̀ nínú rẹ̀. Ní ìlú Seville ní ilẹ̀ Andalus, ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún kejìlá, Ibn al-ʿAwwām kọ ìwé lórí iṣẹ́ àgbẹ̀. Kí ó tó sọ ohunkóhun nípa igi tàbí omi, bí a ṣe ń mọ ilẹ̀ rere yàtọ̀ sí ilẹ̀ búburú ni ó fi ṣe orí àkọ́kọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan ọmọ wa

Gbòǹgbò tí ń fa oúnjẹ lè fa májèlé pẹ̀lú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni ó mú mi kọ àpilẹ̀kọ yìí. Ní ọdún 2010, ó lé ní 400 ọmọdé tí òjé pa ní àwọn abúlé kan ní Ìpínlẹ̀ Zamfara. Àwọn òbí wọn ń fọ́ òkúta wúrà nínú agboolé, òjé wà nínú òkúta náà, eruku rẹ̀ sì bà sí ilẹ̀ tí àwọn ọmọ ń ṣeré lórí rẹ̀. Kì í ṣe àgbo ni ó pa wọ́n. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí ó lè pa ọmọ báyìí, ewé lè hù lórí rẹ̀. Ní ìhà ọ̀dọ̀ wa pàápàá, ní Ògijo ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, níbi tí wọ́n ti ń yọ́ òjé inú bátìrì àtijọ́, àwọn oníròyìn gbé e jáde ní ọdún 2025 pé a bá òjé nínú ilẹ̀ àti nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn ará àdúgbò.

Mo bi ìyá àgbàlagbà kan tí ń ta ewé nínú ọjà pé: "Ìyá wa, ẹ jọ̀ọ́, ibo ni wọ́n ti já ewé yìí?" Ó wò mí títí, ó ní: "Áàfáà, ẹ̀yin ni ẹ kọ́kọ́ bi mí ní ìyẹn. Èló ni mò ń tà á ni wọ́n máa ń béèrè." Ó ní ọmọ kan ni ó ń já a wá láti ẹ̀yìn ibi tí àwọn mẹkáníìkì wà, nítorí pé ibẹ̀ ni ewé náà ti ń tutù jù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Kò purọ́ fún mi, kò sì ní ẹ̀bi. Ewé náà tutù lóòótọ́. Ilẹ̀ tí ọ́ìlì, bátìrì àti ìdọ̀tí irin ti ń dà sí láti ogún ọdún lè mú ewé jáde tí yóò dán gbinrin.

Ó yẹ kí a mọ bí májèlé wọ̀nyí ṣe ń rìn. Òjé kì í tètè gun òkè. Gbòǹgbò ni ó máa ń há mọ́ jù, ewé sì ń gba tirẹ̀ láti ara eruku tí ń bà lé e. Nítorí náà, fífọ ewé dáadáa yóò mú púpọ̀ kúrò lára rẹ̀, ṣùgbọ́n egbò tí a wà láti irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò ṣeé fọ̀ mọ́, bẹ́ẹ̀ egbò ni a máa ń sè jù. Cadmium, tí ó máa ń wà nínú bátìrì kan àti nínú ìdọ̀tí ilé iṣẹ́, burú ju òjé lọ ní ti rírìn: ó ń gun ewé wọ́ọ́rọ́wọ́, ní pàtàkì ní ilẹ̀ tí ó kan. Ẹ rántí pé ilẹ̀ kíkan pọ̀ ní ìhà gúúsù wa. Tẹ̀tẹ̀ wà lára àwọn ewé tí ó mọ̀ ọ́n fà jù. Iná kì í sì í pa irin. A lè se àgbo fún odidi ọjọ́ kan, òjé inú rẹ̀ yóò wà níbẹ̀ ní pípé.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ pé ara ọmọ kékeré ń gba òjé tí ó jẹ tàbí tí ó mu ní ìlọ́po mẹ́rin sí márùn-ún ju ti àgbàlagbà lọ, àti pé kò sí ìwọ̀n kan tí a mọ̀ tí kò léwu. Ẹ wá wo ẹni tí a ń fún ní àgbo jù nínú ilé wa: ọmọ tuntun. Èmi kò sọ pé kí a má lo ewé. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí ìyá ọmọ béèrè ibi tí ewé ti wá bí ó ti ń béèrè iye rẹ̀, kí ó má sì gba èyí tí wọ́n já ní ẹ̀bá títì márosẹ̀, ní orí àkìtàn, ní ibi tí wọ́n ti ń jó wáyà tàbí tí wọ́n ti ń wa wúrà. Epo bẹntiróòlù tí a ń lò láyé àtijọ́ ní òjé nínú. Àwọn orílẹ̀-èdè ìsàlẹ̀ Sàhárà jáwọ́ nínú rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2006, ṣùgbọ́n òjé kì í jẹrà, èyí tí èéfín ọkọ̀ ti dà sí etí títì kò tíì kúrò níbẹ̀.

Bí a ṣe lè mọ ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé wa

Ọ̀nà tí ó dá ènìyàn lójú jù ni kí ó gbin díẹ̀ nínú rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ewúro àti efinrin kì í ṣe ọlọ́fìn-íntótó, ilẹ̀ ilé tí ó mọ́ tó wọn. Fún àwọn yòókù, kí ẹ kọ́kọ́ wo ilẹ̀. Ẹ mú ìgò tí ó mọ́ gaara, ẹ bu erùpẹ̀ dé ìdá mẹ́ta rẹ̀, ẹ rọ omi kún un, kí ẹ dé e, kí ẹ sì mì ín dáadáa. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yín ṣe é. Àwọn ọmọ kíláàsì mi fẹ́ràn rẹ̀. Iyanrìn yóò rọ̀ sí ìsàlẹ̀ láàrin ìṣẹ́jú kan tàbí méjì. Amọ̀ yóò sọ omi di ẹrẹ̀ títí di ọjọ́ kejì, nígbà mìíràn títí di ọjọ́ kẹta, kí ó tó jókòó lé iyanrìn lórí. Bí ìpele kọ̀ọ̀kan bá ṣe nípọn sí ni ilẹ̀ yín ṣe rí.

Lẹ́yìn èyí, ẹ gbẹ́ ihò tí ó jìn tó ẹsẹ̀ bàtà kan, ẹ da omi kún un ní ìrọ̀lẹ́. Bí omi bá ṣì wà nínú rẹ̀ nígbà tí ẹ bá jí ní òwúrọ̀, ẹ má gbin etí erin, atalẹ̀ tàbí dongoyárò síbẹ̀ àyàfi bí ẹ bá kọ ebè gíga fún àwọn méjì àkọ́kọ́. Dongoyárò, tí ó ti Íńdíà wá, lè hù lórí iyanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́, ilẹ̀ tí omi ń dúró sí ni ọ̀tá rẹ̀. Tètèrègún ni kí ẹ fi irú ibẹ̀ sílẹ̀ fún, bí ìbòòji bá wà.

Bí ilẹ̀ bá jẹ́ iyanrìn jù, ewé jíjẹrà àti ìgbẹ́ ewúrẹ́ tí ó ti gbó ni oògùn rẹ̀, nítorí àwọn ni ó ń bá a di omi mú. Bí ó bá ń kan, eérú igi ń dín kíkan rẹ̀ kù. Eérú igi ni mo wí, kì í ṣe eérú àkìtàn tí a ti sun ọ̀rá, bátìrì àti aṣọ pọ̀ nínú rẹ̀. Ìwọ̀nba ẹ̀kúnwọ́ díẹ̀ sí ebè kan ti tó, kí ẹ rò ó pọ̀ mọ́ erùpẹ̀ ní bí ọ̀sẹ̀ méjì kí ẹ tó gbin nǹkan sí i.